Èsì wa lórí ọ́ìlì tó jò lẹ́yìn sáfíìsì

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, nítorí náà n kò ní máa ròyìn bí a ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó. Ọwọ́ wa ni ọ́ìlì yẹn ti jò. Àwa la ṣe é.

Fún ẹni tí kò bá tíì ka ohun tí màmá, oníbàárà wa, kọ nípa iléeṣẹ́ wa tó ń ta mọ́tò tó sì ń tún un ṣe, kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé ọkọ̀ wá fún sáfíìsì: ọ́ìlì, fílítà, àti àyẹ̀wò bíréèkì. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n rí àbàwọ́n dúdú nílẹ̀ níbi tí wọ́n páàkì sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọn ò tíì rìn jìnnà tí iná pupa fi yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń tàn, ó ń kú, pàápàá bí wọ́n bá yà ní kọ́nà. Wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta la tó gbé fóònù, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni pé, "Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, mà, ó ti wà lára ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Wáráńtì ò sì gba èyí." Wọ́n wá fi owó ara wọn háyà ọkọ̀ tó fa mọ́tò wá síbí. Wọ́n fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù lọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọjọ́ tí a bá fẹ́ ta mọ́tò la máa ń mọ oníbàárà, pé tí nǹkan bá ti bàjẹ́, a ò mọ̀ ọ́n rí nìyẹn.

Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ìràwọ̀ lọ.

Ohun tí a rí nìyí. Ọjọ́ Ajé la gbé ọkọ̀ yín sókè, èmi fúnra mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Fílítà ọ́ìlì, èyí tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ọ́ìlì, máa ń ní òrùka rọ́bà kan lẹ́nu, òun ló ń dí àárín fílítà àti ara ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì má baà yọ́ jáde. Tí a bá tú fílítà àtijọ́, ó yẹ kí rọ́bà rẹ̀ bá a jáde. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ooru á ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Fílítà á jáde, rọ́bà á kù síbẹ̀, dúdú lórí dúdú. Bí ènìyàn ò bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tàbí kó fi ìka yí ibẹ̀ ká, kò lè mọ̀. Ọmọ tó ṣe iṣẹ́ yín kò wo ẹnu fílítà àtijọ́ kó tó jù ú sínú garawa. Ó de tuntun lé e lórí. Rọ́bà wá di méjì.

Ẹ béèrè pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò jò lójú wa. Ìbéèrè gidi ni. Rọ́bà fílítà tuntun ní kòtò tó jókòó sí, ti àtijọ́ kò ní nǹkan kan tó dì í mú mọ́. Àwọn méjèèjì lè fara mọ́ra wọn fún ìgbà díẹ̀. A tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan ní Ọjọ́bọ̀, a wo abẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kì í rọra ṣàn gba inú fílítà. Pọ́ǹpù ló ń fi agbára tì í kọjá níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń wà á lọ tí ẹ ń wà á bọ̀, tó ń gbóná tó tún ń tutù, agbára yẹn ti rọ́bà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ló ń tu ọ́ìlì dànù. Lítà 4 ààbọ̀ la rọ sí i. Èyí tó kù tí a fà jáde kò pé lítà 2.

Ní ti iná pupa yẹn, èyí tó dà bí àgé tí nǹkan ń kán lẹ́nu rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìránnilétí ni, pé ọ́ìlì ti ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n wá àyè fi kún un tó bá yá. Rárá o. Agbára tó ń gbé ọ́ìlì lọ sáàárín irin àti irin ni kò tó mọ́. Bí ẹ bá yà ní kọ́nà, ìwọ̀nba tó kù á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́, iná á tàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò sọ pé kí ẹ rọra wà á délé. Ẹ̀yin lẹ kó ẹ́ńjìnnì yẹn yọ, mà, àwa kọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fóònù, torí rọ́bà lè lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ní gáréèjì èyíkéyìí. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu wa lẹ́yìn rẹ̀ ni kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ níbì kankan. Ẹni tó dá yín lóhùn kò tíì rí ọkọ̀ yín. Kò sí lábẹ́ rẹ̀. Kò pe mẹkáníìkì kankan kó bi í. Síbẹ̀ ó ti dá ẹjọ́. N kò ní bá a wí ní gbangba, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, ọ̀kan nínú wa gbà lórí fóònù pé àwa la jẹ̀bi, nígbà tí ọkọ̀ dé, òkúta ojú ọ̀nà la rí pé ó lu páànù ọ́ìlì, abọ́ tó gba ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Látìgbà náà ni mo ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi lórí fóònù. N kò rò ó pé láti "ẹ má gbà á" dé "ẹ sọ pé kì í ṣe àwa", kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Mo ti fa àṣẹ yẹn ya. Ohun tó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù báyìí kò ju ìlà mẹ́ta lọ: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má tan án mọ́. Níbo lẹ wà ká wá gbé e?

Ọ̀rọ̀ wáráńtì tí wọ́n tún sọ fún yín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tó ń ṣini lọ́nà ni. Wáráńtì iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wà fún àléébù tó bá ọkọ̀ wá láti iléeṣẹ́. Àṣìṣe ọwọ́ mẹkáníìkì kò sí nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe àṣìṣe ló yẹ kó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wáráńtì ò gbà á, ẹ bi í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

Kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé bíi tiwa, iye wákàtí tí ìwé là sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni a fi ń san owó mẹkáníìkì, ì báà pẹ́ lórí rẹ̀ tàbí kó yára. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni ìwé fún pípààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn àgbà kì í fẹ́ ẹ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé la máa ń tì í sí, àwọn náà á sì sáré ṣe é kí iye tí wọ́n máa ṣe lójúmọ́ lè pọ̀. Iṣẹ́ tí gbogbo wa ń fojú kéré yìí gan-an ló lè pa ẹ́ńjìnnì láàárín ìrìn àjò kan ṣoṣo. Ní báyìí, fílítà àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu rẹ̀, ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹni tó tú u gbọ́dọ̀ rí i kó sì fọwọ́ sí káàdì iṣẹ́, ká tó rọ ọ́ìlì tuntun. Ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀ díẹ̀. Kó falẹ̀.

Ẹ ní kí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. N kò lè ṣèlérí èyí lórí ohun tí a rí. A fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù àti nígbà tó gbóná, méjèèjì wà níbi tí ìwé ọkọ̀ sọ. A rẹ́ fílítà sí méjì, a tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná: kò sí èérún irin kankan nínú rẹ̀. Bí irin bá ti ha irin, ibẹ̀ ni ìbá ti kọ́kọ́ hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tó fún yín, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ bá fọkàn tán wá, kó wọ̀n ọ́n níṣojú wa, àwa la máa sanwó rẹ̀. A ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú iye kìlómítà rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i pé bí ariwo tàbí àìsàn kankan tó jẹ mọ́ àìtó ọ́ìlì bá yọjú kó tó rin 20,000 kìlómítà sí i, tiwa ni.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ wa ò ti dọ́gba, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Iná kejì tí ẹ tún kọ pé ó tàn, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, kì í ṣe láti ọwọ́ wa. Kóòdù P0457 ni síkáánà, ẹ̀rọ tó ń ka ìṣòro inú ọkọ̀, kà níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdérí táǹkì epo kò dé dáadáa. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ẹ ra epo ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ẹ kúrò lọ́dọ̀ wa. A dé e títí ó fi dún kẹ́kẹ́kẹ́, a pa iná náà, a ò gba kọ́bọ̀. Kó má di pé torí a jẹ̀bi ọ̀kan, gbogbo iná inú ọkọ̀ di tiwa.

Ẹ̀yin mìíràn tó ń ka èyí, ẹ wo ohun tí màmá ṣe, torí òun ló jẹ́ kí ẹjọ́ yìí rọrùn fún wọn. Wọ́n ya fọ́tò àbàwọ́n ilẹ̀, wọ́n ya ti iná pupa pẹ̀lú iye kìlómítà. Ẹnì kan nítòsí fẹ́ bá wọn fún fílítà náà le, wọn ò gbà. Ká ní ó fi sípánà kàn án ni, à bá ti máa jiyàn títí di òní lórí ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Wọ́n ní kí a kọ ẹ̀sùn àwọn sórí káàdì iṣẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, wọn ò jẹ́ kí a sọ ọ́ di "àyẹ̀wò gbogbogbòò". Ibi kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí wọ́n béèrè ọ̀gá nígbà tí wọ́n gbọ́ ìsọkúsọ lórí fóònù. Bí ọ̀gá náà bá tún ṣe bákan náà, iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn. Ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, èyí tó ní àmì 17, àti ẹ̀dà káàdì iṣẹ́. Àwa tí à ń tà á máa ń bẹ̀rù lẹ́tà yẹn ju bí a ṣe ń fi hàn lọ.

Mà, ọkọ̀ ti ṣe tán. Mo ti ní kí wọ́n dá owó sáfíìsì padà. Ẹ mú rìsíìtì ọkọ̀ tó fà yín wá kí ti ìyẹn náà lè wọlé. Fílítà tí a rẹ́ àti rọ́bà méjèèjì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó iwájú, tiyín ni. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lórí káúńtà, ọwọ́ mi ló wà. Ẹ sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà pé èmi lẹ wá rí.