Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Iye Àjà Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ìpìlẹ̀

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ n'Íkòyí, ní Surulere, ní Gbàgádà àti láwọn òpópónà kan ní Yábàá ti wá di àṣà báyìí. Èèyàn á jí lọ́jọ́ kan, á rí i pé wọ́n ti ta bọ́ńgálò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun, wọ́n ti fi páànù yí i ká, katapílà ti wọlé, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì bọ́ńgálò ọ̀hún ti di ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Tó bá bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé kí lẹ fẹ́ kọ́, wọ́n á ní ọ̀gá làwọn ń bá ṣiṣẹ́ o. Tó bá rí ọ̀gá, ọ̀gá á ní kó lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àjà bá ń gun orí àjà, tí oòrùn ò dé ibi tó ń sá aṣọ sí mọ́, ìgbà yẹn ló máa tó mọ̀ pé ilé àwòṣífìlà ni wọ́n ń kọ́ ti òun.

Tó bá wá pariwo, orúkọ ti wà nílẹ̀ tí wọ́n máa pè é. Onílara ni. Kò fẹ́ kí Èkó dà bíi Dubai. Arúgbó tó ti kọ́lé tiẹ̀ tán ni, kò wá fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì ríbi gbé. Àwa ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ohun tá a gbà ni pé ẹni tó ń gbé àdúgbò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye àjà tí wọ́n fẹ́ gbé dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀ kí ìjọba tó buwọ́ lùwé, kó sọ tẹnu ẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Kò ju ìyẹn lọ. A ò ní kí wọ́n má kọ́ ilé gíga o.

Ṣé ilé gíga ló wá fẹ́ máa bà wá lẹ́rù ni? Àwa Yorùbá tá a fi owó kòkó kọ́ Cocoa House sí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, alájà 26, tá a parí ẹ̀ lọ́dún 1965! NECOM House náà ti wà ní Marina l'Ékòó láti 1979, alájà 32. Ilẹ̀ Èkó kéré, omi gba púpọ̀ nínú ẹ̀, èèyàn sì ń ya wọlé lójoojúmọ́, kò sí bí gbogbo wa ṣe lè máa gbé bọ́ńgálò. Ẹni tó bá ń wá ilé réǹtì mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Òfin réǹtì ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní láńlọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹ lọ bi ẹni tó ń wá ilé lọ́sẹ̀ yìí bóyá ẹnì kankan rántí pé òfin yẹn wà. Ilé gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, a gbà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní bòókẹ́lẹ́ la ò gbà.

Ẹ wo ti Gerrard Road. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, 1 Nofẹ́ńbà 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ n'Íkòyí, ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ, bíríkìlà, lébírà, àwọn tó wá bẹ ọ̀gá wò, ọ̀gá tó ń kọ́ ilé náà fúnra ẹ̀ wà lára wọn. Ohun tó tẹ̀lé e ló ṣì ń ya èèyàn lẹ́nu dòní. Ọ̀gá LASBCA nígbà yẹn, Gbolahan Oki, ìyẹn àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó, sọ fáwọn oníròyìn pé àjà 15 nìjọba fọwọ́ sí. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni igbákejì gómìnà, Obafemi Hamzat, ní rárá o, àjà 21 ni. Òkú ṣì wà lábẹ́ kọnkéré, ìjọba kan náà ò tíì fẹnu kò lórí iye àjà tí wọ́n buwọ́ lù! Wọ́n ní kí Oki lọ rọ́ọ́kún nílé, kọmíṣánnà tó ń bójú tó ètò ìlú, Idris Salako, kọ̀wé fipò sílẹ̀, gómìnà Sanwó-Olú gbé pánẹ́ẹ̀lì ìwádìí dìde, wọ́n fi Toyin Ayinde ṣe alága ẹ̀. Gbogbo ìyẹn dáa. Àmọ́ ká ní nọ́ńbà ọ̀hún wà lára fẹ́ńsì láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńtì kọ ọ́ gàdàgbà, ìbáà jẹ́ 15, ìbáà jẹ́ 21, ìyá tó ń ta ìrẹsì níwájú sáìtì ì bá lè kà á kó sì gbójú sókè ka àjà. Èyí ò gba ẹnjiníà.

Nǹkan míì tún wà nínú ọ̀rọ̀ Gerrard yẹn táwọn èèyàn ti ń gbàgbé. Kọnsọ́tántì kan tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kọ̀wé ní Fẹ́búárì 2020 pé àwọn ò ṣe mọ́, pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ilé ti wó tán ni aráàlú tó rí ìwé yẹn kà. Ẹni tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn lálaalẹ́, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ tí kì í bá ṣe òun? Ní Máàṣì 2016 náà ilé alájà márùn-ún wó ní Lekki, ó pa èèyàn 34, ìjọba wá sọ pé ẹni tó kọ́ ọ ti lé àjà kún iye tí wọ́n fún un, pé àwọn ti sìlì ẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn ti ibẹ̀ pa, òun ló lọ já sìlì padà. Tí aládùúgbò ò bá mọ̀ pé wọ́n sìlì ibẹ̀ tàbí ìdí tí wọ́n fi sìlì ẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé olè ló ń ṣiṣẹ́ lóru?

Ká tiẹ̀ gbà pé ilé ò wó. Wàhálà ò tíì tán.

Ìkòyí táwọn èèyàn ń fojú ọ̀run wò, kálukú ló ń dá wá omi ẹ̀, kálukú ló ní sọkawéè ẹ̀, kálukú ló ní jẹnẹrétọ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ṣe fún bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin àti bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìnkùlé, ká ní ilé ogójì fúláàtì ni wọ́n wá gbé ka orí ẹ̀, ibo ni ìgbọ̀nsẹ̀ ogójì ìdílé ń lọ? Ọkọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ táa rí tó ń wá gbé e lóru, ibo ló ń dà á sí? Ti borehole tún burú jù. Ẹ̀bá ọ̀sà nibẹ̀, omi iyọ̀ wà nítòsí, tí gbogbo ilé bá ń fa omi látinú ilẹ̀ kan náà bí ọmọ mẹ́wàá tó ki stráà bọ ìgò kóòkì kan, omi iyọ̀ ló máa wọlé dípò èyí tí wọ́n fà jáde, ẹni tó ti ń mu omi kànga ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀ á wá di ẹni tó ń ra omi táńkà. Kó tó dìgbà tí wọ́n bá kó wọlé pàápàá, ihò ìpìlẹ̀ ilé gíga máa ń jìn, omi ń sun sínú ẹ̀, wọ́n á gbé pọ́ǹpù sí i tọ̀sántòru, omi tí wọ́n ń fà jáde yẹn, abẹ́ ilé aládùúgbò náà ló ti ń wá. Ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀, ògiri á sán, fẹ́ńsì á fẹ̀gbẹ́ kan sùn, tí wọ́n bá wá ń gbá píìlì, ìyẹn òpó ìpìlẹ̀, mọ́lẹ̀ gbì gbì gbì láti àárọ̀, ẹni tó bá lọ fi ẹjọ́ sùn, wọ́n á ní ògiri ẹ̀ ti sán tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tá a fi ń sọ ọ́ pé kí wọ́n ya fọ́tò ilé aládùúgbò, inú àti ìta, kí kọnkéré àkọ́kọ́ tó balẹ̀, kí dífẹ́lópà tó ń kọ́ ilé gíga àti aládùúgbò náà jọ buwọ́ lù ú. Owó táṣẹ́rẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ńkọ́, ọ̀rọ̀ páákì? Ẹ gba òpópónà Bourdillon n'Íkòyí kọjá ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè kẹ́ ẹ wá sọ fún wa. Iná tún wà ńbẹ̀ o, tí iná bá sọ ní àjà kẹtàdínlógún, kí ọkọ̀ panápaná tó yí kọ́nà àkọ́kọ́ ní òpópónà tí wọ́n ti páàkì sí lápá méjèèjì...

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àìrílégbé tàn wá jẹ pátápátá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé gíga tó ń jáde n'Íkòyí, dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé e. Ẹni tó ń wá self-contain ní Ṣómólú ò sí lára àwọn tí wọ́n ń kọ́ ọ fún. Ẹ lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àwọn kan nínú wọn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kẹ́ ẹ ka wíńdò tí iná wà ńbẹ̀. Ilé ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbé e ò pọ̀, owó ẹnì kan ni wọ́n kó pamọ́ sínú kọnkéré. Wọ́n lómìnira láti kọ́ ọ, owó wọn ni, àmọ́ kí wọ́n má wá sọ pé torí mẹ̀kúnnù ni.

Àwa náà á wá yíjú sáwọn tó ń kọ̀. Ẹjọ́ yín dáa, ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín yín tó ń bà á jẹ́. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún ara wọn, kànáà MacGregor ló pààlà láàárín wọn àti Lagos Island níbi tí àwa dúdú kún sí bámúbámú. Ẹni tó bá wá dìde lónìí tó ní òun ò fẹ́ "irú àwọn èèyàn yẹn" ládùúgbò òun, torí pé fúláàtì ni wọ́n fẹ́ máa gbé, ẹjọ́ òyìnbó ló jogún yẹn. A tún mọ àwọn kan tó ń fi ìwé ẹ̀hónú sùn dífẹ́lópà, tí àwọn fúnra wọn ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé gọ́tà, tí bọ́ìsì kọ́tà wọn ti di short-let tí wọ́n ń fi orin dàmú gbogbo ojúlé ní Sátidé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìjọba gbọ́ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ omi lọ, ẹ gbé ọ̀rọ̀ sọkawéè lọ, ẹ gbé fọ́tò ògiri tó sán lọ. Ẹ fi "kilásì" sílẹ̀.

Ibi tí wàhálà wá pọ̀ sí ni pé tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ gbé e lọ, ọ̀dọ̀ ta lẹ ń gbé e lọ? LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó, ló ń fúnni ní àpúrúfà, ìyẹn àṣẹ láti kọ́lé, LASBCA ló ń ṣọ́ ọ tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, wọ́n tún ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ símẹ́ǹtì àti irin wò, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká náà wà. Láwọn ibì kan n'Íkòyí bí Osborne Foreshore àti Banana Island, ìjọba àpapọ̀ á tún ní ilẹ̀ tàwọn ni. Kóòtù tó ga jù ní Nàìjíríà ti dá ẹjọ́ lọ́dún 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú àti àpúrúfà, síbẹ̀ fàákájá yẹn ò tíì tán. Ní Éprílì 2023 ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ wó ní Banana Island yẹn náà.

Ẹ jẹ́ ká wo Peckham ní London, níbi tí ẹni tó bá ń wá ewédú àti ẹ̀bà kì í ṣìnà. Ilé iṣẹ́ Berkeley fẹ́ wó Aylesham Centre, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Rye Lane, kí wọ́n fi ilé gíga rọ́pò ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n bínú, wọ́n pín ìwé. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bínú sí ni pé ilé tó wà fún ẹni tówó ẹ̀ ò tó, tó yẹ kó jẹ́ 35 nínú 100, Berkeley gé e wá sí 12. Ibi tá a fẹ́ kẹ́ ẹ wò ni pé wọ́n mọ 35, wọ́n mọ 12. Wọ́n mọ̀ ọ́n nítorí pé lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan bá ti gbé pláànù lọ sí káńsù, káńsù á lẹ ìwé mọ́ òpó iná tàbí kó kọ lẹ́tà sáwọn tó múlé gbè é, á fún wọn ní ọjọ́ 21 ó kéré tán láti fèsì, gbogbo àwòrán ilé náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn lè jà kó pàdánù, àwọn mìíì máa ń pàdánù dáadáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jà nínú òkùnkùn.

LASPPPA lè ṣe irú ẹ̀ láì dúró de òfin tuntun kankan. Kí wọ́n fi ìwé sí ẹnu ọ̀nà sáìtì ilé èyíkéyìí tó bá ju àjà márùn-ún lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Pijin, kí wọ́n fún àdúgbò ní oṣù kan. Kí wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn káńsù, kí dífẹ́lópà wá fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé ibi tí omi ń lọ àti ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí, kó má rán lọ́yà wá. Èsì táwọn ará àdúgbò bá kọ, kí wọ́n fèsì sí i lórí ìwé, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí wọ́n bá wá fọwọ́ sí i tán, kí iye àjà wà lára fẹ́ńsì pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí èèyàn máa gbé, ká má pè é títí kó máa dún lásán.

Àwọn ilé tó ti dé ìdajì báyìí ńkọ́? Àwọn náà ní fẹ́ńsì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì kan àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó, LASBCA lè bẹ̀rẹ̀ láti Gerrard Road lọ́la.