Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Bí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún bá ti ń súnmọ́lé, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà dá fún àwọn ọmọ tó ń jáde ní high school láti sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Orí WhatsApp àwa Yorùbá tó wà ní Houston, Maryland àti Chicago á wá kún fọ́fọ́: ọmọ wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ yunifásítì sí láyà, bàbá dúró lápá ọ̀tún, ìyá dúró lápá òsì, "Ẹ bá wa dúpẹ́ o." A sì ń bá wọn dúpẹ́, nítorí ọmọ tó ṣe dáadáa yẹ lẹ́ni à ń yìn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọmọ tí wọn ò ya fọ́tò rẹ̀. Òun náà ka ìwé ọdún méjìlá, òun náà wọ gáùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àmọ́ GPA 2.3 nínú 4.0 ló bá jáde, àwọn òbí rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di ẹni tí a kì í béèrè. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì béèrè, ìyá á yára fèsì pé, "Ó ṣì ń ro ohun tó fẹ́ ṣe ni," á sì gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíì.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó gba ojú títì dé, ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé dé, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Òwe yìí la gbọ́ dàgbà, a sì mọ bí a ṣe ń fi tu ọmọ ọlọ́mọ nínú. Ìgbà tó bá kan ọmọ tiwa ni ọ̀nà á wá ku ẹyọ kan ṣoṣo láyé, èyí tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń tijú yìí ò tíì wádìí ohun tó wà nílẹ̀ rárá. Community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, tó wà ní Amẹ́ríkà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Kì í ṣe àná ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn tó jẹ́ ti ìjọba, ti wà láti ọdún 1901. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí high school tàbí GED, ìdánwò tó dípò ìwé ẹ̀rí náà, 2.3 ò sì ní kí wọ́n lé ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ á ṣe nǹkan bí 60 kírẹ́díìtì láàárín ọdún méjì, á gba associate degree, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì, á sì kọjá sí yunifásítì lọ parí ìyókù. Ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì máa fún un kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì ń wo ìwé ẹni tó ti ní kírẹ́díìtì tó tó bẹ́ẹ̀, èsì tó ní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe máàkì tó gbà nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan tiẹ̀ ti fi àdéhùn ti ọ̀nà yìí lẹ́yìn. Community college 116 ló wà ní California, ọmọ tó bá sì kúnjú ìwọ̀n níbẹ̀ lè gba ìdánilójú pé ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́fà University of California máa gbà á: Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara tàbí Santa Cruz. Berkeley àti UCLA kò sí nínú àdéhùn yẹn, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín, àmọ́ wọ́n ń gba àwọn ọmọ community college lọ́dọọdún. Ní Florida, ẹni tó bá gba AA, ọ̀kan nínú àwọn associate degree, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ ti ní àyè ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀, bí kò tiẹ̀ dájú pé èyí tó wù ú jù ni. Tennessee ló wú mi lórí jù. Láti ọdún 2015 ni ìpínlẹ̀ yẹn ti ń san èyí tó bá kù nínú owó ẹ̀kọ́ community college lẹ́yìn tí àwọn ìrànwọ́ yòókù bá ti tán, wọn ò sì wo gíréèdì high school kí wọ́n tó san án. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ọmọ má jẹ́ kí GPA rẹ̀ wálẹ̀ ju 2.0 lọ, kó sì fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ fún ìlú ní sáà kọ̀ọ̀kan. Owó Pell tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́, tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card, lè tó 7,395 dọ́là lọ́dún, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó. Ní ọ̀pọ̀ community college, owó ẹ̀kọ́ ọdún kan kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ tọkọtaya kan tí wọ́n sọ gbogbo èyí fún. Ọmọkùnrin wọn jáde pẹ̀lú 2.2, ìṣirò ló ń dà á láàmú. Olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ní kó wọ community college tí kò jìnnà sílé, kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ìṣirò rẹ̀ múlẹ̀. Ìyá ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Yunifásítì ńlá ni ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń lọ lọ́dún yẹn. Wọ́n wá kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan rí ní ìpínlẹ̀ mìíràn tó gba ọmọ náà, bàbá sì lọ yá Parent PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba tó jẹ́ pé ọrùn òbí ni gbèsè rẹ̀ wà, kì í ṣe ọrùn ọmọ. Ìyá lẹ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ìṣirò tí kò yé ọmọ nílé kò sì yé e níbẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti padà wálé, ó ń gbé páálí lóru ní ilé ìkẹ́rùsí. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì wà lára gíláàsì. Oòrùn ti mú kó ṣá, etí rẹ̀ kan ti ṣí, ìyá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Gbèsè náà wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń san án.

Ohun tí ìyá náà sọ sí ọmọ yìí lójú wa ló gbé òwe mìíràn wá sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé orí méjì ni ọmọ Ìyá Ìbejì ní ni?" Ọmọ yẹn ò dáhùn. Àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ yín ló gbé 2.2 wálé, òun náà ni kí ẹ wá ọ̀nà fún. Ẹ ti ń wo ọmọ Ìyá Ìbejì láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ mọ gbogbo máàkì rẹ̀ lórí, ẹ ò sì mọ̀ pé ọmọ tiyín ò rí ojú pátákó dáadáa, tàbí pé ó ń sùn ní kíláàsì nítorí àwọn àbúrò tó ń tọ́ nígbà tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ òru.

Iṣẹ́ òru tí mo dárúkọ yìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa, mo sì mọ púpọ̀ nínú wọn tó jẹ́ pé community college ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọdún méjì ni ADN, associate degree ti nọ́ọ̀sì, gbà lẹ́yìn àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìdánwò àṣẹ iṣẹ́, NCLEX-RN, tí wọ́n ṣe náà ni ẹni tó gba BSN, dìgírì nọ́ọ̀sì ti yunifásítì, ṣe, kò sí pé ọ̀kan rọrùn ju èkejì lọ, ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì (RN) kan náà ni wọ́n sì gbà. Àwọn mìíràn ti ibi iṣẹ́ parí BSN lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ra ilé, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Kí ló wá sọ ẹnu ọ̀nà tí ìyá gbà wọlé di ohun ìtìjú fún ọmọ tó bí? Àmọ́ ẹ fetí sí èyí o: bí community college bá gba gbogbo ènìyàn, ẹ̀ka nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kì í gba gbogbo ènìyàn. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba máàkì gidi nínú anatomy àti àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣáájú, àwọn tó ń du àyè sì pọ̀.

Craig Venter, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa àbùdá, kò ṣe dáadáa ní high school. Ó bá àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ sí Vietnam, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀. Nígbà tó dé, College of San Mateo ló wọ̀, community college kan ní California, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí University of California ní San Diego, níbi tó ti gba PhD ní 1975. Ní ọdún 2000, òun àti Francis Collins, onímọ̀ àbùdá bíi tirẹ̀, ló wà pẹ̀lú Ààrẹ Clinton ní White House nígbà tí wọ́n kéde pé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ti àbùdá ènìyàn ti jáde. Eileen Collins náà, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Space Shuttle, ní 1999, Corning Community College ní New York ló ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gbà wọlé?

Mo ò ní tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ community college tí kì í parí rẹ̀, iṣẹ́ ajé àti àìrí ẹni tọ́ wọn sọ́nà ló ń fà á. Ní New York, CUNY, yunifásítì ìlú náà tó ní àwọn community college lábẹ́ rẹ̀, dá ètò kan sílẹ̀ ní 2007 tí wọ́n ń pè ní ASAP: wọ́n ń dí àlàfo owó ẹ̀kọ́, wọ́n ń san owó ọkọ̀, wọ́n sì ní kí ọmọ máa rí olùdámọ̀ràn rẹ̀ déédéé. Àwọn olùwádìí fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ètò náà. 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí láàárín ọdún mẹ́ta, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 22. Irú ọmọ kan náà ni wọ́n. Àmójútó ló yàtọ̀.

Mo bá ọmọbìnrin kan tó wà ní community college lọ sí yunifásítì tó fẹ́ ṣí lọ. Olùdámọ̀ràn yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa, ó ń fi ìka tọ́ka: English wọlé, biology wọlé, statistics wọlé. Ó wá dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí òǹkà òdo wà níwájú wọn, ìyẹn ni pé wọn ò wọlé. Ọmọ náà ka òdo yẹn lọ, ó kà á bọ̀. Sáà kan odindi ló ṣòfò, owó rẹ̀ sì ti lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó wo àdéhùn àárín kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ àti yunifásítì náà lórí ẹ̀kọ́ tó máa wọlé, kó tó mú ẹ̀kọ́. Sáà àkọ́kọ́ ni kí ẹ béèrè ìwé àdéhùn yẹn, kó má di ọdún kejì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówò tó ń fi ìpolówó pe àwọn ọmọ tí ojú ti tì. Corinthian Colleges tilẹ̀kùn ní 2015, ITT Tech tilẹ̀kùn ní 2016, àìmọye ọmọ ló sì wà nínú gbèsè láìrí ìwé ẹ̀rí gbà. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé èyíkéyìí, ẹ wo College Scorecard tí ìjọba ṣe, ẹ wo iye tó ń parí níbẹ̀ àti gbèsè tí wọ́n ń gbé jáde. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ kéékèèké tó ń gba ọmọ oní-2.5 wà, àwọn HBCU kan, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú látijọ́, náà wà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í fi dandan béèrè ìdánwò àtiwọlé SAT mọ́ láti 2020. Bí ọwọ́ ọmọ bá sì dùn ju ìwé lọ, ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná tàbí ti omi ẹ̀rọ ní apprenticeship, tí wọ́n á máa san owó fún un bó ṣe ń kọ́ ọ.

Ìwọ ọmọ náà, ilẹ̀kùn tó ṣí kò sọ pé kí o wá sùn sẹ́nu ọ̀nà. Èsì tí o bá ní ní sáà àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n máa fi dá ọ lẹ́jọ́ níwájú, kò sì sí olùkọ́ high school tí o lè dì í rù mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ìforúkọsílẹ̀ ṣì ń lọ ní ọ̀pọ̀ community college títí wọ oṣù kẹjọ. Ẹ yé sọ pé ó ti bọ́. Ẹ jọ jókòó kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀, ẹ bá ọmọ lọ rí olùdámọ̀ràn, nígbà tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ panu mọ́. Mo ti rí bàbá tí wọ́n bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló fẹ́ kọ́, tí bàbá dáhùn "dókítà" kí ọmọ tó la ẹnu. Ọmọ ni wọ́n bi. Òun ló máa jókòó ní kíláàsì, òun ló máa ṣe ìdánwò, òun ni kó sọ ọ́.