Ẹsẹ̀ tó kọ́ra lára ère orí ibojì kì í ṣe ẹ̀rí pé olóògbé lọ jagun ní Jerúsálẹ́mù

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò bá ère ọkùnrin kan tó nà gbalaja lórí ibojì. Ẹ̀wù irin ló wọ̀, asà wà ní apá òsì rẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì gun èkejì bí ẹni tó ń sinmi. Ẹni tó ń mú yín yíká yóò nawọ́ sí ẹsẹ̀ náà, yóò ní: "Ó lọ Ogun Àgbélébùú." Ogun tó ń wí ni èyí tí àwọn Kristẹni Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 1096 láti gba Jerúsálẹ́mù. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń ka iye ìgbà: bí ẹsẹ̀ bá pàdé ní ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló lọ, bó bá jẹ́ ní orúnkún, ẹ̀ẹ̀mejì, bó bá jẹ́ ní itan, ẹ̀ẹ̀mẹta. Àlàyé náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó sì ti ba ìtàn ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ́.

Ẹ wo John of Eltham, àbúrò Ọba Edward Kẹta. Wọ́n bí i ní 1316, ó sì kú ní Perth, ní Scotland, ní 1336, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún. Acre, ìlú ńlá tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn ajagun àgbélébùú ní Ilẹ̀ Mímọ́, ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 1291, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Síbẹ̀, ère rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta alabásítà gbẹ́ wà ní Westminster Abbey, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ra. Ní abúlé Acton, ní Suffolk, àwòrán Sir Robert de Bures wà lára idẹ pẹlẹbẹ kan tó dára gan-an. Ó kú ní 1331, ogójì ọdún lẹ́yìn tí Acre ṣubú. Òun náà fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Richard Ọkàn Kìnnìún, ọba tó kó ogun lọ bá Saladin, olórí àwọn Mùsùlùmí, dùbúlẹ̀ ní Fontevraud ní ilẹ̀ Faransé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà tààrà. Lóòótọ́, ẹ̀wù ọba ni wọ́n wọ̀ fún ère rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wù irin, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí. Èyí tó lágbára jù ni pé àwọn ará Faransé àti Jámánì lọ ogun yìí lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ère tó fi ẹsẹ̀ kọ́ra ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Ireland ló pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ pé àmì ogun ni, kí ló dé tí àwọn tó lọ jù kò fi lò ó?

Àṣà iṣẹ́ ọnà ni. Nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn agbẹ́kúta Gẹ̀ẹ́sì mú un jáde. Ẹ̀wù aṣọ gígùn ni jagunjagun ẹlẹ́ṣin ń wọ̀ lé ẹ̀wù òrùka irin nígbà náà. Bí ẹsẹ̀ bá nà tààrà, aṣọ yóò kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Bí ẹsẹ̀ bá kọ́ra, aṣọ yóò là sọ́tùn-ún sósì, yóò wọ́ ketekete, ère yóò sì dà bí ẹni tó fẹ́ dìde. Àwọn kan tiẹ̀ ń fa idà yọ nínú àkọ̀ lọ́wọ́ kan náà. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1350, awẹ́ irin ti bo ẹsẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀wù ti kúrú, ó ti fún mọ́ ara, àṣà náà sì pòórá. Kì í ṣe ọjọ́ tí ogun parí ni ère na ẹsẹ̀, ọjọ́ tí ìmúra yí padà ni.

Èyí kò sọ pé kò sí ajagun àgbélébùú lára wọn. Edmund, àbúrò Ọba Edward Kìíní, lọ sí Acre lóòótọ́, ère rẹ̀ ní Westminster Abbey sì fi ẹsẹ̀ kọ́ra. Ìwé àkọsílẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ó lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Ti ìdílé Trumpington, nítòsí Cambridge, ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wá ìran kọ́ dáadáa. Sir Roger de Trumpington bá Edward Kìíní yìí lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́ ní 1270, ó sì kú ní 1289. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, jagunjagun kan wà lórí idẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ra, kàkàkí méjì sì wà lórí asà rẹ̀, torí orúkọ ìdílé náà fara jọ orúkọ kàkàkí lédè wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́ka sí idẹ yìí pé òun ni ẹ̀rí tó dájú jù. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ asà náà. Lókè rẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí eyín rọ̀ sí nísàlẹ̀, tó jọ òòyà, tí ìlà rẹ̀ kò sì jinlẹ̀ tó ti ìyókù. Àmì àrólé ni, èyí tí àkọ́bí ọkùnrin ń lò nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Roger tó kú ní 1289 ni olórí ìdílé; kò ní fi òòyà sórí asà. Ìmúra ara idẹ náà sì jẹ́ ti nǹkan bí 1326. Ẹnì kan nínú ìran tó tẹ̀lé e ni, wọ́n sì fín àmì náà sí i nígbà tó yá. Ẹni tó wo ẹsẹ̀ nìkan sin bàbá sí ibojì ọmọ.

Ìdílé míì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀. Ní Chester-le-Street, ní Durham, John Lord Lumley to ère mẹ́rìnlá sínú ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ọdún 1590, pé àwọn baba ńlá òun ni. Díẹ̀ lára wọn jẹ́ ère àtijọ́, tí wọ́n gbé méjì nínú rẹ̀ wá láti kàtídírà Durham; àwọn tó kù, ìgbà ayé rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ère kan wò fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àlùfáà tàbí olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ẹfun pa ìlà rẹ̀ kó lè hàn. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò: ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kó wálẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá pálá kọjá lórí òkúta, ìlà tó ti ń parẹ́ yóò yọjú. Ìmúra ni kí ẹ fi ka ọjọ́ orí rẹ̀. Bí òrùka irin bá bo gbogbo ara, tó jẹ́ pé orúnkún nìkan ló ní awẹ́ irin, ó sábà máa ń jẹ́ ti ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e. Bí ẹ̀wù aṣọ bá kúrú níwájú tó gùn lẹ́yìn, ẹ máa wo àwọn ọdún 1320 sí 1340.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo asà. Ọ̀dà rẹ̀ ti lè ṣí kúrò, ẹ ò sì ní rí àwọn ìlà wínníwínní tí wọ́n fi ń dárúkọ àwọ̀, torí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìyẹn dé. Àmì kan náà ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ lè jẹ́ ti ìdílé ọ̀tọ̀, nítorí náà ẹ má sáré dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá pín asà sí méjì lóròó, ti ọkọ ló wà ní apá òsì ẹni tó ń wò ó, ti ìyàwó ní apá ọ̀tún. Àgbélébùú lórí asà pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí ogun. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti ṣí ère náà nípò, torí nígbà àtúnṣe ní ayé Ọbabìnrin Victoria, wọ́n gbé ọ̀pọ̀ kúrò lórí ibojì tiwọn.

Ìwé ìribọmi ṣọ́ọ̀ṣì kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí 1538 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ọ́. Ẹ lọ sínú àkájọ ìwé ọba, tí wọ́n ti tẹ àkótán rẹ̀ jáde, tí ojúlówó rẹ̀ sì wà ní The National Archives ní Kew. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́ sábà máa ń gba ìwé ààbò lọ́wọ́ ọba kí ẹnikẹ́ni má baà gba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, akọ̀wé ọba yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí orúkọ náà níbẹ̀ ní 1270, ẹ kọ ọ́ pé ó gba ìwé ààbò ní 1270. Ẹ má tíì kọ ọ́ pé ó dé Acre, torí àwọn kan gba ìwé yẹn tí wọn kò kúrò nílé.