Ẹ Yé Fi Epo Ẹ́ńjìnì Kun Rọ́bà Gíláàsì Ọkọ̀ Yín

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan nítòsí Ìgbóná, níbí ní Òṣogbo, mo bá bọ̀dá kan tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun epo ẹ́ńjìnì àlòkù sí rọ́bà wínsíkírínì (gíláàsì iwájú) ọkọ̀ Bedford àtijọ́ kan. Rọ́bà tuntun ni o! Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo sí i." Wọ́n ní, "Àbúrò, epo ni oúnjẹ rọ́bà. Òun ló ń jẹ́ kó pẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Irọ́ ni.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Bedford TJ tí bàbá mi fi ń kó kòkó ni mò ń tún ṣe, irú èyí tó jáde ní Ìlú Ọba ní 1958. Ẹni tó bá mi fi gíláàsì sí i fi girísì àti epo pa rọ́bà náà látòkè délẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́, inú mi dùn. Kò pé ọdún kan tí rọ́bà fi wú, tí igun rẹ̀ méjèèjì lókè yọ síta bí ètè ẹni tí oyin ta. Òjò wá ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a yọ ọ́, etí irin tí rọ́bà gbá mú ti dípẹtà. Mo fi ìka kàn án, ó rún.

Mo wá gé rọ́bà tuntun sí méjì, ọgbọọgba. Mo ki ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tí mo bu epo ẹ́ńjìnì sí, mo ki èkejì sínú omi ọṣẹ, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù kan. Ti omi ọṣẹ wà bó ṣe wà: mo tẹ̀ ẹ́, ó ta padà. Ti inú epo ti gùn ju èkejì lọ, ó sanra, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, dúdú ara rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi èékánná fà á, ó ya.

Wọ́n á ní ṣebí rọ́bà wà nínú ẹ́ńjìnì. Rọ́bà yẹn kọ́! Irú rọ́bà tó ń jẹ́ nitrile ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ti ẹ́ńjìnì, nítorí epo gan-an ni. Irú mìíràn, EPDM, ló pọ̀ jù nínú rọ́bà gíláàsì tuntun. Oòrùn àti òjò ló mọ̀ ọ́n bá jà, epo ló ń pa á. Ó dáa, irú kan tún wà, neoprene, tó máa ń fara da epo díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè irú èyí tí rọ́bà jẹ́, kó tó rà á?

Omi ọṣẹ tó. Ẹ ha ìpẹtà etí irin kúrò, ẹ kùn ún lọ́dà, kó gbẹ. Ẹ fi rọ́bà yí gíláàsì ká, ẹ ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ojú ibi tí yóò ti gbá irin mú, kí ẹnu okùn méjèèjì kọjá ara wọn nísàlẹ̀. Ẹ bu omi ọṣẹ sí i dáadáa. Ẹnì kan á fi àtẹ́lẹwọ́ tì í láti ìta, ẹnì kejì á máa fa okùn láti inú, díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ṣe ń jáde ni ètè rọ́bà ń fò gun etí irin. Bí a ṣe fi ti Bedford bàbá mi sí i padà nìyẹn. Òjò ọdún 3 ti rọ̀ lé e lórí, ilẹ̀ ọkọ̀ gbẹ fúrúfúrú.