Ẹ Jẹ́ Kí Ilé Àgùdà Máa Pa Owó Wọlé Kí Katakata Tó Dé Bẹ̀

Ọjọ́ Sunday ni, 11 September 2016, katakata tí wọ́n fi ń wó ilé yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúbú Square l'Ékòó, Ilojo Bar sì di òkìtì bíríkì. Ilé Àgùdà, ìyẹn ilé àwọn tó ti Brazil padà wálé, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855 nìyẹn o, tí ìjọba fúnra ẹ̀ kéde ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Ọdún 60 gbáko ló fi ń jẹ́ orúkọ yẹn, orúkọ ò sì gbà á lọ́wọ́ katakata.

Ó ṣì ń dùn wá. Ohun tó sì ń dùn wá jù ni pé àwọn tó kù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí gbogbo ohun tí ìjọba mọ̀ ọ́n ṣe ò ju kó ní ẹ má fọwọ́ kàn án lọ. Ilé ẹbí ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé tó wà ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti kún inú ẹ̀, páànù ń jò, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá owó àtúnṣe san torí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, ìjọba náà ò sì mú kọ́bọ̀ wá. Tí dẹfẹ́lópà bá wá gbé mílíọ̀nù sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa kọ̀ ọ́?

Ẹ wo Freedom Park ní Broad Street. Ẹ̀wọ̀n làwọn òyìnbó kọ́ síbẹ̀, amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n ní 1882, nígbà tó di 1885 wọ́n fi bíríkì tún un kọ́. Wọ́n wó o ní 1979, ilẹ̀ náà kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, kí Theo Lawson tó ya plan tuntun tí wọ́n fi sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ló di stage báyìí, àwọn èèyàn ń kọrin níbẹ̀, wọ́n ń ṣe tíátà, wọ́n ń ta oúnjẹ. Jaekel House ní Èbúté Mẹ́ta náà ń bẹ níbẹ̀, ilé rélùwéè láti 1898, wọ́n tún un ṣe, ó di mùsíọ́mù. Kì í ṣe ohun tí apá ò ká.

Àwọn ilé Àgùdà yìí gan-an sì mọ ooru Èkó ju àwa lọ. Ògiri wọn nípọn, àjà wọn ga, fèrèsé onígi wọn ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá. Ilé onígíláàsì tí wọ́n ń kọ́ rọ́pò wọn, tí AC bá ti kú, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo wa la sì mọ iye tí wọ́n ń ta díísù.

Àmọ́ ẹ má fi símẹ́ǹtì tún wọn ṣe o! A bẹ̀ yín. Ògiri amọ̀ ń mí, ó ń fa omi, ó sì ń tú u sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi á há sínú, ògiri á máa jẹrà nínú, ìta á ṣì máa dán, ọjọ́ tó bá máa ya lẹ tó máa mọ̀. Irú nǹkan táwọn tó kọ́ ọ lò ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ ẹ padà. Kí wọ́n sì kó àwọn birikìlà tó jẹ́ ọmọdé jọ, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ yìí nígbà táwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Wáyà iná ńkọ́? Kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Kí ìjọba Èkó dín Land Use Charge, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀, kù fún ẹbí tó bá tọ́jú ilé ẹ̀, kí wọ́n yá wọn lówó tí èlé ẹ̀ ò ní fún wọn lọ́rùn, kí wọ́n jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ilé di ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ, kí ẹbí máa gbé òkè. Ọ́fíìsì kánsù náà lè háyà níbẹ̀. Kí wọ́n lọ láti òpópónà dé òpópónà nínú ọdún yìí, kí wọ́n ka iye ilé tó kù, kí wọ́n sì jókòó ti olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan nínú pálọ̀ ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ kí wọ́n máa lọ.