Àgbọ̀nrín Èṣí: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹ̀yin Ọdẹ Agbègbè Ìbàdàn

Bí ènìyàn bá sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo agboolé ti gbọ́ láti àná, ohun tí wọ́n á sọ fún un ní Ìbàdàn ni pé, "Jókòó jàre, àgbọ̀nrín èṣí lò ń jẹ lọ́bẹ̀." Òwe yìí kò bú ẹran inú ọbẹ̀ o. Àgbọ̀nrín tí wọ́n yan gbẹ, tó pẹ́ lókè ààrò, adùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá sì fi jẹ iyán kò ní í béèrè ọjọ́ tí wọ́n pa á. Ohun tí òwe ń wí ni pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò lè fi adùn ẹnu rẹ̀ jẹ́rìí ohun tó wà nínú igbó lónìí. Èṣí ni wọ́n yìnbọn fún un.

Ẹnu àwọn tí kò mọ ẹnu ìbọn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ ni òwe yìí wọ́pọ̀ sí jù. Mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ padà sílé àwọn tó ni ín, nítorí àríyànjiyàn kan tó gba ẹnu àwọn ọdẹ.

Ní ìpàdé ìtàdógún àwọn ọdẹ kan lápá Ọ̀nà-Àrà, níbi tí wọ́n ti gbà kí n jókòó sẹ́yìn, àwọn kan nínú wọn gbé àbá kalẹ̀. Wọ́n ní kí ọdẹ kan má pa ju àgbọ̀nrín kan lọ lóṣù. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pa abo. Wọ́n tún ní kí wọ́n ti igbó etí odò kan pa fún ọdún méjì, kí ìbọn má dún níbẹ̀. Ẹmu ò tíì yí ká tán tí ilé fi dàrú.

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló kọ́kọ́ fèsì. "Láyé baba tó bí mi, a kì í ka ẹran. Ẹran igbó ò lè tán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ni ẹ ò mọ igbó wọ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kó tó lanu. "Bàbá, ẹ má bínú. Ìgbà wo lẹ pa àgbọ̀nrín gbẹ̀yìn?"

"Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ẹlòmíràn ti gbọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká lé akátá jìnnà ná, ká tó bá adìẹ wí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi, àwọn tó ń fọ́n oògùn apakoríko káàkiri etí odò, ta ló ń ka tiwọn?" Ẹni tó jókòó tì í ní, "Bí èmi ò bá sì pa á, àlejò tó gun ọ̀kadà wá á pa á lọ́la."

Mi ò bá bàbá jiyàn nípa ayé baba rẹ̀. Ẹran wà nígbà náà. Ìjálá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí ẹni tí kì í rí ẹran déédéé kò lè mọ ìrìn rẹ̀, ìwo rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ débi tí àwọn oníjàálá ń ki ín dé. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ń dẹ ìgbẹ́? Ṣakabùlà tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, àti fìtílà kábáàdì. Ẹni tó bá tàsé, kó tó tún ìbọn kì, ẹran ti dé Ìjẹ̀bú. Lónìí, ìbọn oníkátíríìjì wà, iná orí tó ń ríran jìnnà wà, ọ̀kadà sì wà tí yóò gbé òkú ẹran dé títì kí ìrẹ̀ tó dákẹ́. Bàbá ń fi igbó baba rẹ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ igbó ọmọ rẹ̀. Àgbọ̀nrín èṣí gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ akátá wúwo jù lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ wo igbó ọba Gambari, lọ́nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde. Orúkọ igbó ló ṣì ń jẹ́ nínú ìwé. Wọ ibẹ̀ lọ, o ó bá tíìkì àti gmẹlínà tí wọ́n gbìn ní ẹsẹẹsẹ, o ó bá kòkó, o ó bá oko ẹ̀gẹ́. Àgbọ̀nrín kì í gbé abẹ́ tíìkì. Ibi tí igbó bá ti ṣú, tí ìtàkùn bá ti lọ́ mọ́ra, tí omi kò sì jìnnà, ibẹ̀ ló ń bá sùn lọ́sàn-án, tó sì ń ti ibẹ̀ jáde lọ jẹko nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣán ibẹ̀, kò sí òfin ìbọn tó lè dá a padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin fún ọdẹ láìsọ̀rọ̀ nípa agégi àti olóko, apá kan ló mú.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ni òwe akátá ní, ẹsẹ̀ kan ni àwọn ọdẹ sì fi ń rìn nígbà tí wọ́n ń pa á. Òwe náà kò sọ pé kí a má bá adìẹ wí mọ́. Ó ní bí a bá lé akátá tán, ká padà sílé, ká bá adìẹ náà sọ ọ́. Adìẹ yẹn sì ni àwa tó jókòó sí ìpàdé.

Àgbọ̀nrín kì í ṣe ọ̀yà. Abo ọ̀yà lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kó tún bí òmíràn kí ọdún tó yí po. Àgbọ̀nrín ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ló sì ń bí. Á fi ọmọ náà pamọ́ sínú ìtàkùn, á lọ jẹko, á padà wá fún un lọ́mú. Ọdẹ tó pa irú ìyá bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ti pa ọmọ tí kò fojú rí, kò sì sí ẹni tó máa ka ìyẹn mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹtu náà rí bẹ́ẹ̀, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí nìyẹn tí àbá pé kí wọ́n má pa abo fi dùn létí. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ igbó lóru wò. Ọdẹ tan iná orí, ó ń rìn wọ́ọ́wọ́ọ́, ó yí ọrùn. Ohun tó kọ́kọ́ rí kì í ṣe ẹran, ojú méjì ni, tó ń dán láàárín ewé. Ìwo ni yóò fi dá akọ mọ̀, nítorí abo àgbọ̀nrín kì í ní ìwo. Ṣùgbọ́n akọ tí ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí kò tíì ga ju etí lọ, láti iwájú, kò yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Àwọ̀ ńkọ́? Akọ tó ti dàgbà a máa dúdú, abo àti ọmọ a máa pọ́n, wọ́n a sì ní tótòtó funfun lára. Ṣùgbọ́n ewé ti bo ara ẹran, orí nìkan ló yọ. Bí ọdẹ bá ní kí òun dúró kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn, ẹran á gbó lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí ajá bá gbó, ó tán, ó ti lọ nìyẹn. Ọdẹ ọ̀sán lè pa òfin abo mọ́. Ọdẹ òru tó bá búra pé òun á pa á mọ́, mo mọ irú ẹni tó jẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹyọ kan lóṣù. Ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó pa méjì lóru, kí oòrùn tó yọ, ọ̀kan ti wọ mọ́tò.

Èyí tí mo fara mọ́ ni ti etí odò. Igbó tí wọ́n ti pa, etí ló ń ṣọ́ ọ: bí ìbọn bá dún níbẹ̀, gbogbo abúlé á gbọ́, kò sẹ́ni tó máa jiyàn akọ tàbí abo. Àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà nítòsí wa. Ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, sílẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Nínú ilẹ̀ ibẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń dáko tẹ́lẹ̀, wọ́n fi apá kan sílẹ̀ láìro, ó sì ti di igbó padà, nǹkan bí hẹ́kítà 350, láàárín ìlú Ìbàdàn tó ń gbòòrò yìí. Ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ibadan malimbe, ṣì ń rí ibi gbé níbẹ̀. Wọn ò kó igbó náà wá láti ibì kankan. Wọ́n fi í sílẹ̀ ni.

Àwọn tó gbé àbá wá náà kò bọ́ lọ́wọ́ òwe. Ọ̀kan nínú wọn yọ fóònù, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà hàn wá: ìwé àṣẹ, iye tí ọdẹ lè pa, ọjọ́ tí igbó ń ṣí àti ọjọ́ tó ń tì. Ẹlòmíràn já a gbà, ó ní níbẹ̀ náà, àwọn ibì kan wà tí ìjọba ti ń bẹ ọdẹ pé kí wọ́n pa sí i. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ilé onílé ni wọ́n ń tọ́ wò. Ní nǹkan bí 1900, igalà onírù funfun tó kù lọ́hùn-ún kò tó ìdajì mílíọ̀nù; ọdẹ tó ń pa fún ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán. Wọ́n fòfin de títà ẹran wọn, wọ́n ń ti igbó fún ìgbà pípẹ́, nígbà tó sì di 1937 wọ́n ṣòfin pé owó orí tó bá ti ara ìbọn àti ọta wá, kí wọ́n máa fi tọ́jú ẹran igbó. Lónìí, wọ́n ń fojú bu igalà wọn sí nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Ẹni tó bá fẹ́ gba iye tí wọ́n ń pa lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọdún tí wọ́n fi fọwọ́ lẹ́rán. Àríyànjiyàn wọn kò sì tíì parí. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, láti 1934 ni àwọn ará ìlú ti ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń sọ èrò wọn sí lórí ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ẹja, wọ́n sì ń dìbò lé e lọ́dọọdún nínú oṣù kẹrin. Títí di ọ̀la, ọdẹ á máa sọ fún ìjọba pé iye tó kà kò pé.

Irú ìṣirò iye ẹran bẹ́ẹ̀ ni àwa ò ní rárá. Àwọn onímọ̀ àgbáyé kò ka àgbọ̀nrín mọ́ ẹran tó fẹ́ tán ní Áfíríkà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ ní Ṣakí kò tíì kún àmù ẹni tó ń gbé Ìdó. (Ọ̀rọ̀ akíka yàtọ̀, ẹ má kó o mọ́ àríyànjiyàn yìí: láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá rí i, kó kọjá lọ.)

Ṣé a wá fẹ́ dúró de ẹni tí yóò ti ọ́fíìsì wá kà á fún wa ni? Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́ ni ìṣirò wà. Wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ẹran wá, wọ́n mọ oṣù tí àgbọ̀nrín ń wọ́n, wọ́n mọ ìgbà tí ẹtu kéékèèké nìkan ló kù lórí àtẹ. Ẹ má rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kéde irú ẹtu kan tí ìwé wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń gbé Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Lára ẹran tí ọdẹ pa, tó wà lọ́jà fún títà, ni wọ́n ti dá a mọ̀. Àwọn ìyá wa ti ń sè é tipẹ́.

Ìmọ̀ràn mi kò ju èyí lọ. Kí a tó fi ẹnu ko sórí iye kankan, kí ẹni tó bá pa àgbọ̀nrín, tàbí ìyá tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, máa mú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹran náà wá sípàdé. Kò náni ní nǹkan kan; ẹni tó máa ń fi orí ẹran kọ́ sára ògiri kò lè ní òun ò mọ bí a ṣe ń tọ́jú egungun. Eyín ni kí àwọn àgbà wò. Eyín ẹran tó ti pẹ́ láyé a ti jẹ tẹ́ńpẹ́lẹ́, ti ọmọdé a ṣì mú, òmíràn ò tíì yọ tán. Bó bá jẹ́ eyín ọmọdé nìkan ló ń wọlé ní ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé, bàbá tó ní ẹran igbó kò lè tán á fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú, kò ní í jẹ́ ẹnu àwọn ọmọ ló ti gbọ́ ọ. Bí àgbà àti ọmọdé bá pọ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tó ń pariwo pé ẹran ti tán ni wọ́n ń jẹ ti èṣí, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Àwọn kan á ní ẹ̀rù ń bà wọ́n, pé kí ẹni tó ń kọ iye sílẹ̀ má lọ fi ìwé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ya ojo. Ẹ má kọ orúkọ. Egungun kì í sọ ẹni tó pa á.

Òwe kan wà tí gbogbo ọdẹ mọ̀, pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Mo mọ̀ pé kátíríìjì ti wọ́n. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọdẹ kan ti ń ṣọ́ ìlú lóru tí kò jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣọ́ ẹran. Ẹni tó bá wá ní kí irú wọn tún dín ìwọ̀nba tí wọ́n ń rí kù, kó fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́.

Nítorí náà, ti etí odò ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kó egungun jọ títí ẹ̀ẹ̀rùn méjì yóò fi kọjá, kí ẹ tó tún gbé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lóṣù dìde. Ní ti ẹni tó bá yìnbọn níbi tí ẹ tì, ẹ má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Olówó á sọ owó ìtanràn di owó igbó. Kó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ nílé olórí ọdẹ títí ìpàdé kejì, bó ti wù kó dàgbà tó.