Búrọ́ọ̀ṣì Rírọ̀ Náà Ń Ha Ọ̀dà Ọkọ̀

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ládùúgbò yín ní Sátidé, ẹ ó gbọ́ ọ: “Ọ̀gá, ẹ má mikàn, búrọ́ọ̀ṣì yìí rọ̀, kò lè ha ọkọ̀ yín.” Ọ̀pọ̀ wa ló gba èyí gbọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ṣáà ti rọ̀ lọ́wọ́, ó bùṣe. Kò bùṣe o!

Iyanrìn tó há sáàárín irun búrọ́ọ̀ṣì ló ń ba ọ̀dà jẹ́ jù. Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní ní ìpele kan lókè tó mọ́ gaara, òun ló ń mú un dán. Ìpele yìí fẹ́lẹ́ gan-an, irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Iyanrìn sì rèé, ó le débi pé ó ń ha gíláàsì. Tí ẹ bá wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, kí ni rírọ̀ búrọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe sí i? Ẹ gbé ọkọ̀ dúdú sínú oòrùn, ẹ ó rí ìlà wínníwínní tó ta kiri bí òwú aláǹtakùn.

Ẹni tí kò bá gbà, kó wá síídì àlòkù méjì. Kó rẹ búrọ́ọ̀ṣì mímọ́ sínú omi ọṣẹ, kó fi ra ojú ìkíní tó ń dán. Kó wá ti búrọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà bọ iyanrìn, kó fi ra ìkejì. Kó gbé méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni búrọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ríìmù tó tún gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iyẹ̀fun irin tó ń jẹ kúrò lára bíréèkì wà nínú ìdọ̀tí ríìmù. Búrọ́ọ̀ṣì ríìmù àti táyà gbọ́dọ̀ dá wà, tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tí eruku bá ti aṣálẹ̀ Bodélé ní Chad fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn kan á mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ onírun gígùn, wọ́n á máa fi gbá ara ọkọ̀ láràárọ̀. Omi ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣàn lé e lórí dáadáa. Ojú ọ̀dà tó tẹ́jú, aṣọ tó rọ̀ tó sì rin ṣinṣin fún ọṣẹ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré sílẹ̀ fún ibi kọ́lọ́fín: ẹ̀gbẹ́ àmì ọkọ̀, ẹnu ibi tí a ń rọ epo sí, ojú ihò tí atẹ́gùn ééṣì ń gbà jáde.

Búrọ́ọ̀ṣì àwọn akunlé náà ṣe é lò fún kọ́lọ́fín, kò sì wọ́n. Ọrùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́, irin ni. Ẹ fi téèpù àwọn oníná wé e kó tó kan ọkọ̀.